Bí A Ti Ń Fún Bọ́tìnnì Kọ̀ǹpútà Ní Iṣẹ́

Láyé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn àgbà fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn mọ̀ pé ọkàn òun fà sí i, ó lè ṣàì sọ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Yóò so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, yóò sì fi rán ìránṣẹ́ sí i. Bí owó náà bá dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, yóò kà á, yóò rí i pé ẹ̀fà ni, yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà pé ọkàn ẹni náà fà mọ́ òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn, pé ohùn wọn ṣọ̀kan. Ìránṣẹ́ tí ó gbé e lọ lè má mọ ohun tí ó ń gbé. Owó ẹyọ pàápàá kò ní ẹnu, kò mọ ìfẹ́, kò sì mọ ìkórìíra. Iye ni ó gbé lọ. Ìmọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á ni ó sọ iye náà di ọ̀rọ̀. Bí a bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àjèjì tí kò mọ àrokò, owó lásán ni yóò pè é, yóò sì fi ra àkàrà jẹ.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé irú àrokò bẹ́ẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ìka ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà lónìí. Bọ́tìnnì tí a kọ A sí lára kò mọ A. Bọ́tìnnì tí a ya àwòrán ẹ̀rọ agbóhùnjáde sí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ohùn. Iye ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rán lọ sínú ẹ̀rọ, ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Níbi tí ìtumọ̀ bá ti sọnù, bọ́tìnnì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò dà bí òkú: a ó tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà mọ bí a ti ń dá irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó kú ní tòótọ́, kí ó sì mọ bí a ti ń fún un ní iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ń lo Linux.

Bọ́tìnnì ohùn àti ti orin kì í ṣe àgbà láàárín àwọn bọ́tìnnì. Ètò lẹ́tà QWERTY tí a ń lò di òní ti wà láti ìgbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1874. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí a ń pè ní PC jáde ní 1981, bọ́tìnnì 83 ni ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti orin nínú wọn, nítorí ẹ̀rọ iṣẹ́ ọ́fíìsì ni a kà á sí. Nígbà tí ó yá tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, tí ó sì ń fi sinimá hàn, àwọn tí ń ṣe é fi bọ́tìnnì tuntun kún un: èyí tí ń gbé ohùn sókè, èyí tí ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èyí tí ń pa á lẹ́nu mọ́, èyí tí ń dá orin dúró tí ó sì tún ń mú un bẹ̀rẹ̀, àti àwọn méjì tí ń lọ sí orin iwájú àti orin ẹ̀yìn. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, níbi tí àyè kò gbé pọ̀, orí ìlà F1 títí dé F12 ni wọ́n sábà máa ń kó wọn sí. Nípa bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì kan náà á ní iṣẹ́ méjì, bọ́tìnnì kékeré tí a kọ Fn sí ni yóò sì máa yan èyí tí a fẹ́ nínú méjèèjì.

Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ohunkóhun láìní ètò àgbà kan tí ń darí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ ti ń darí àwọn atukọ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux jẹ́ òmíràn. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, ni ó kéde rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a ń pè ní GNU láti 1983, ìyẹn àkójọ ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè wo inú rẹ̀, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè fi fún ẹlòmíràn. Abẹ́ ìwé àṣẹ GNU yìí ni Torvalds fi Linux sí ní 1992. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ti ń fi ọwọ́ kún un. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ni ó ń kó o jọ tí wọ́n sì ń fi í fún aráyé lábẹ́ orúkọ tiwọn: Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993, Ubuntu jáde ní 2004, Linux Mint náà sì wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn. A kì í sanwó kí a tó lò wọ́n.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ ilé-ìwé tí ó wà ní Etíkàn? Etíkàn wà ní etí òkun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun pẹ̀lú Ùgbò, Màhìn àti Àhèrì ni ẹ̀ka mẹ́rin tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ Ìlàjẹ. Iṣẹ́ ẹja pípa ni iṣẹ́ àgbà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ni ẹsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ni ó lè ra kọ̀ǹpútà tuntun. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ń lò, ìyẹn àwọn tí aráa òkè òkun ti lò kí wọ́n tó tà wọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lórí Windows 10, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò kún ojú òṣùwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé Linux sórí rẹ̀ kí ó lè tún pẹ́ láyé sí i.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé, nígbà tí a bá ti gbé Linux sórí rẹ̀ tán, gbogbo nǹkan yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bọ́tìnnì ohùn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà a máa fi ètò kékeré kan sínú Windows tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti túmọ̀ irú àwọn bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Bí Windows bá ti lọ, ògbufọ̀ náà ti bá a lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò sọ pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókọ̀dá, tí ó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ láti 1996. Yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, yóò tún san owó fún ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bí ó bá ṣe pé ẹni náà kò mọ̀ jù ú lọ, yóò ní kí ó ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ ta ẹ̀rọ náà ní owó pọ́ọ́kú. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí a kò tíì fún ní iṣẹ́ yóò máa fi owó ra ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀.

Kí a tó lè wo àìsàn yìí sàn, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí àrokò náà ń gbà. Ọwọ́ mẹ́rin ni ó ń kọjá. Ọwọ́ kìn-ín-ní ni ti kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, kíbọ́ọ̀dù yóò rán iye kan tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́tìnnì náà. Ọwọ́ kejì ni ti kernel, èyí tí í ṣe ọkàn Linux. Kernel ní ìwé òǹkà tirẹ̀, yóò sì pààrọ̀ iye tí ó gbà sí iye tí ó wà nínú ìwé náà: 113 ni ó ń pe pípa ohùn lẹ́nu mọ́, 114 ni rírẹ ohùn sílẹ̀, 115 sì ni gbígbé ohùn sókè. Ọwọ́ kẹta ni ti ètò tí ń ṣe àkóso ojú kọ̀ǹpútà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ X lórí àwọn ẹ̀rọ kan, tí ó sì ń jẹ́ Wayland lórí àwọn mìíràn. Èyí ni ó ń sọ iye di orúkọ: ó ń pe ti àkọ́kọ́ ní XF86AudioMute, ó ń pe ti èkejì ní XF86AudioLowerVolume, ó sì ń pe ti ẹ̀kẹta ní XF86AudioRaiseVolume. Ọwọ́ kẹrin ni ti ètò tí a ń rí lójú, irú bíi GNOME, KDE Plasma tàbí Xfce. Òun ni ó mọ̀ pé bí a bá pe orúkọ báyìí, iṣẹ́ báyìí ni kí òun ṣe. Bí ọ̀kan nínú ọwọ́ mẹ́rin yìí bá já àrokò sílẹ̀, ohùn kò ní gbéra.

Iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe ni láti wá ọwọ́ tí ó já a sílẹ̀. Kò yẹ kí ó sáré fọwọ́ kan ohunkóhun kí ó tó mọ ibẹ̀, nítorí a kì í fi oògùn orí wo ẹsẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí ó kọ́kọ́ ṣe: kí ó tẹ Fn mọ́lẹ̀, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì ohùn náà pẹ̀lú rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ kan, ohùn kò ní dáhùn láìsí Fn. Lórí òmíràn, ìdàkejì rẹ̀ ni. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, inú ojú ìwé ètò tí a ń pè ní BIOS, èyí tí a ń ṣí nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, ni a ti lè pààrọ̀ èyí. Púpọ̀ nínú ẹjọ́ bọ́tìnnì ni ó ń parí síbẹ̀.

Bí kò bá parí síbẹ̀, kí ó ṣí Terminal, ìyẹn ojú ìwé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tí ń jẹ́ evtest. Lórí Debian, Ubuntu àti Linux Mint, àṣẹ tí a fi ń gbé e wọlé nìyí:

sudo apt install evtest

Lẹ́yìn náà, kí ó kọ àṣẹ yìí:

sudo evtest

Kọ̀ǹpútà yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, yóò sì to orúkọ gbogbo ohun tí a ń tẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Kíbọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń jẹ́ AT Translated Set 2 keyboard. Bí a bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀, tí a tẹ Enter, kí a wá tẹ bọ́tìnnì tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀, kí a sì máa wo ohun tí ó hàn. Bí ohunkóhun kò bá hàn, kí a tún un ṣe pẹ̀lú àwọn orúkọ yòókù, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan a máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú rán iye bọ́tìnnì ohùn wọn. Bí a bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, a ó tẹ Ctrl àti C pọ̀.

Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀. Bí a bá rí KEY_VOLUMEUP pẹ̀lú iye 115, a jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́, kernel sì mọ̀ ọ́n. Iwájú ni àrokò ti já. Bí a bá rí iye kan níwájú MSC_SCAN, ṣùgbọ́n tí a kò rí orúkọ, tàbí tí a rí orúkọ tí kì í ṣe ti ohùn, a jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ ṣùgbọ́n kernel kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá sì rí ohunkóhun rárá níbikíbi, a jẹ́ pé àrokò kò tilẹ̀ kúrò nílé.

Ti àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù láti wò sàn. Kí a ṣí Settings, kí a wọ apá Keyboard, kí a wá ibi tí a kọ Shortcuts sí. Lórí GNOME, abẹ́ Sound and Media ni a ó ti rí iṣẹ́ ohùn àti ti orin. A ó tẹ iṣẹ́ tí a fẹ́, a ó sì tẹ bọ́tìnnì tí a fẹ́ kí ó máa ṣe é. Lórí Xfce, abẹ́ Application Shortcuts ni a ó ti kọ àṣẹ tí bọ́tìnnì yóò máa ṣe. Àwọn àṣẹ tí ó wúlò nìwọ̀nyí. Ti àkọ́kọ́ ń gbé ohùn sókè ní ìdá 5 nínú 100, ti èkejì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ti ẹ̀kẹta ń pa á lẹ́nu mọ́ tí ó sì tún ń là á lẹ́nu, ti ẹ̀kẹrin sì ń dá orin dúró tí ó tún ń mú un bẹ̀rẹ̀:

pactl set-sink-volume @DEFAULT_SINK@ +5%
pactl set-sink-volume @DEFAULT_SINK@ -5%
pactl set-sink-mute @DEFAULT_SINK@ toggle
playerctl play-pause

Bí a bá fi next tàbí previous rọ́pò play-pause, playerctl yóò lọ sí orin iwájú tàbí orin ẹ̀yìn. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò ní playerctl, bí a ti gbé evtest wọlé ni a ó ti gbé òun náà wọlé.

Ti èkejì gba sùúrù díẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ni pé kernel kì í fi àìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Bí a bá kọ sudo dmesg lẹ́yìn tí a ti tẹ bọ́tìnnì tí kò mọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, a sábà máa ń rí i tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Unknown key pressed, èyí tí í ṣe pé a tẹ bọ́tìnnì kan tí òun kò mọ̀. Yóò tilẹ̀ dárúkọ àṣẹ setkeycodes, pé òun ni a lè fi sọ bọ́tìnnì náà di mímọ̀ fún òun. Àgbà tí ó gbà pé òun kò mọ̀, tí ó sì sọ bí a ó ti kọ́ òun, kò ṣòro láti bá gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi setkeycodes kọ́ ọ, yóò gbàgbé rẹ̀ bí a bá ti pa ẹ̀rọ tí a sì tún un tàn. Kí ó má baà gbàgbé, inú fáìlì ni a ó kọ ọ́ sí. A ó fi àṣẹ yìí ṣí fáìlì tuntun:

sudo nano /etc/udev/hwdb.d/90-ohun.hwdb

Ká ní iye tí evtest fi hàn níwájú MSC_SCAN ni ab. Kí èyí má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti fi ogún ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà fẹ́ràn láti máa fi 16 ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà. Nígbà tí wọ́n bá ka 9 tán, wọn a máa fi lẹ́tà a títí dé f bá a lọ. Ìlà méjì ni a ó kọ sínú fáìlì náà:

evdev:atkbd:dmi:*
 KEYBOARD_KEY_ab=volumeup

Àlàfo kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà níwájú ìlà kejì; bí kò bá sí, kọ̀ǹpútà kò ní gbà á. Ìlà kìíní ń sọ pé kíbọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Kíbọ́ọ̀dù tí a fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ láti òde ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlà kejì ń sọ pé bí àrokò bá jẹ́ ab, gbígbé ohùn sókè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti fi fáìlì náà pamọ́, àṣẹ méjì ni ó kù:

sudo systemd-hwdb update
sudo udevadm trigger

Láti ìgbà náà lọ, kernel ti mọ bọ́tìnnì náà. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí a sì tún un tàn, kò ní gbàgbé.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ sudo tí ó ṣáájú àwọn àṣẹ wọ̀nyí ń fún wọn ní agbára ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ. Ohun tí ó lè tún ilé ṣe lè wó ilé. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọ àṣẹ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé e, kì báà jẹ́ ẹni tí ó gbajúmọ̀ ni ó fi hàn án. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dán an wò kí ó tó yí èkejì padà. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ gbogbo ohun tí ó bá ṣe sí, nítorí ìwé kì í gbàgbé. Bí ohun tí ó ṣe kò bá bọ́ sí i, yóò mọ ibi tí yóò padà sí.

Ó ku ti ẹ̀kẹta, èyí tí àrokò kò kúrò nílé. Bí Fn àti BIOS kò bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bọ́tìnnì náà ti kú ní tòótọ́. Ní etí òkun bíi Etíkàn, kò ṣòro láti mọ ọ̀tá tí ó lè pa á. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá láti ojú òkun ń gbé iyọ̀. Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra, àwọn méjèèjì a sì máa jẹ irin àti bàbà tí ó wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa pa kọ̀ǹpútà dé nígbà tí a kò bá lò ó, kí a máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí a sì dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ bí a bá fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì kan bá tilẹ̀ kú, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. A lè lọ sí Shortcuts tí a ti mẹ́nu bà lókè, kí a sì gbé iṣẹ́ náà fún àwọn bọ́tìnnì mìíràn tí ara wọn le, irú bíi kí Ctrl, Alt àti ọfà òkè pọ̀ máa gbé ohùn sókè. Bí atukọ̀ kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹlòmíràn ni yóò di àjẹ̀ mú. Ọkọ̀ kò ní dúró sí àárín omi.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ohùn àti orin. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó lábẹ́ ìjọ C.M.S. lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ sì wà lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn òyìnbó ṣe kò ní àmì wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni ó sì ní láti máa fi kálàmù sàmì sí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ni ó sì wá gba pé a lè kọ Yorùbá láìsí àmì. Ta ni kò mọ àbùkù tí ó wà nínú èyí? Bí a bá kọ oko láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni a ń wí?

Bọ́tìnnì tí kò ní àmì lónìí kì í ṣe àwáwí mọ́, nítorí ohun tí a kọ sára bọ́tìnnì kọ́ ni ó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Lórí Linux, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú àwọn tí a tò sábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Inú apá Keyboard ní Settings ni a ti ń yàn án. Lórí ẹ̀rọ tí ń lo X, àṣẹ kan ṣoṣo ni ó ń mú un wá:

setxkbmap ng yoruba

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Nínú Settings kan náà, a lè yan bọ́tìnnì kan tí a kì í sábà lò, irú bíi Alt ọwọ́ ọ̀tún, kí a sì sọ ọ́ di Compose. Láti ìgbà náà, bí a bá tẹ Compose, tí a tẹ àmì ìyanu, tí a sì tẹ o, ọ ni yóò jáde. Bí a bá fi e tàbí s parí rẹ̀, ẹ tàbí ṣ ni. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí kọ̀ǹpútà rárá: nínú Unicode, ìwé òǹkà tí gbogbo ayé fi ń ka lẹ́tà, ẹ ní iye tirẹ̀ tí í ṣe 1EB9, ọ ní 1ECD, ṣ sì ní 1E63. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, níbi tí kíbọ́ọ̀dù AZERTY ti àwọn Faransé gbé wọ́pọ̀, lè ṣe bákan náà láìra ẹ̀rọ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ohun èlò ni ó ń ti òkè òkun bọ̀ wá sọ́wọ́ ènìyàn dúdú, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti yàn fún wọn. Ẹni tí ó bá gbà pé bí a ti gbé wọn wá ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà yóò máa sìn wọ́n. Ẹni tí ó bá béèrè ohun tí wọ́n ń rán, ẹni tí wọ́n ń rán an sí, àti ìtumọ̀ tí a fún un, ni yóò lè pàṣẹ fún wọn. Kò sì pọn dandan kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú ńlá. Ọmọ ilé-ìwé tí ó jókòó sí etí omi ní Etíkàn, tí ó ní sùúrù, tí ó ní ìwé kékeré àti kálàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè ṣe é. Nígbà tí ó bá ti ṣe tirẹ̀, kí ó fi han ẹnìkejì rẹ̀, nítorí bí àwọn tí ó ṣe Linux ti ṣe nìyẹn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.